Ṣé Camaro Yóò Padà Wá? Ìbéèrè Àwọn Tó Ń Retí Rẹ̀ àti Ìdáhùn Mi

Láti ìgbà tí Chevrolet, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti dáwọ́ Camaro dúró, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ẹnìkan má bi mí bóyá ọkọ̀ náà ń bọ̀ padà. Mo wá kó ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú àwọn kan, n ó fara balẹ̀ sọ wọ́n. Àwọn kan ò sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Camaro ti kú?

Ó ti kúrò lórí igbá. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni General Motors, tó ni Chevrolet, kéde pé bí àwọn bá ti ṣe ti ọdún 2024 tán, ó tán nìyẹn fún ìran kẹfà ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ Lansing Grand River ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti ṣe àwọn tó gbẹ̀yìn, nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkéde yẹn gan-an ni Scott Bell, tó ń darí Chevrolet nígbà náà, sọ pé àwọn ò ní arọ́pò tí àwọn fẹ́ dárúkọ lónìí, àmọ́ kí á fọkàn balẹ̀, ìtàn Camaro kò parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo wa dì mú bí ẹni di okùn mú. Kò dá ọjọ́, kò sì ṣèlérí irú ọkọ̀ tí yóò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ní ìrètí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má torí rẹ̀ ta ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn.

Kí ni wọ́n ń pè ní muscle car? Ṣé ọ̀kan ni Camaro?

Ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì, tí owó rẹ̀ kò ga ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà lọ, tí wọ́n wá gbé ẹ́ńjìnnì V8 (ìyẹn sílíńdà mẹ́jọ) ràgàjì sínú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Pontiac GTO ọdún 1964 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó la ọ̀nà yìí. Ẹ̀gbẹ́ kékeré kan wà nínú ìdílé náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní pony car, ìyẹn ẹṣin kékeré, nítorí Ford Mustang tó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ló bí i. Ibẹ̀ gan-an ni Camaro wà. Àwọn tó fẹ́ràn àríyànjiyàn lè fi òru ọjọ́ kan jà lórí èyí. Ní tèmi, bí V8 bá ti wà lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì Camaro, muscle car ni.

Níbo ni orúkọ náà ti wá?

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ọdún kan péré, Ford ta Mustang tó ju 400,000 lọ, Chevrolet ò sì ní ohunkóhun tó lè fi kò ó lójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Panther ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1966, wọ́n pe àwọn oníròyìn, wọ́n ní Camaro ni orúkọ rẹ̀. C ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Corvette, Corvair àti Chevelle, torí náà ó bá ìdílé mu. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Fáransé ni, tó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́ tàbí alábàárìn. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń bi wọ́n léèrè síwájú sí i, ìdáhùn tí wọ́n fún wọn ni pé ẹranko kékeré kan tó burú ni, Mustang ló sì ń jẹ. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ó bọ́ sọ́jà, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2,466.

Mo gbọ́ pé ó ti kú rí, ó sì jí. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bá mọ ìtàn yìí, àhesọ kò ní tètè gbé e lọ.

Ìgbà méjì ni ikú ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣáájú ti ọdún 2023. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1972. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Norwood ní Ohio yan iṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 174. Ìgbà tí wọ́n fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ bíi 1,100 wà lórí ìlà tí wọn ò tíì ṣe tán, bẹ́ẹ̀ òfin tuntun lórí bọ́ńpà ti mú ọdún 1973. Wọn ò lè tà wọ́n mọ́. Fífọ́ ni wọ́n fọ́ wọn. Nínú General Motors pàápàá, àwọn kan ní kí wọ́n kúkú pa orúkọ náà rẹ́, àwọn kan sì jà fún un. Àwọn tó jà ló borí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1977, Camaro ta ju Mustang lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fọ́ ní Norwood, inú mi máa ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí 1977 pẹ̀lú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó kú pátápátá. Oṣù kẹjọ ọdún 2002 ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Sainte-Thérèse ní Québec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, Camaro àti ìbejì rẹ̀ Pontiac Firebird sì wọlẹ̀ pọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń yí sí ọkọ̀ gíga bíi jíìpù, Mustang sì ń tà jù ú lọ. Ọdún méjì kọjá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni Ford gbé Mustang ọdún 2005 jáde, tó jọ ti ayé àtijọ́ lójú àti ní ìdúró, àwọn ènìyàn sì dà bò ó. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Detroit, Chevrolet tú aṣọ lórí Camaro àpẹẹrẹ kan. Dodge náà gbé Challenger tirẹ̀ wá síbi ìpàtẹ yẹn kan náà. Ed Welburn ló jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ General Motors nígbà náà, ọkọ̀ ọdún 1969 ni wọ́n sì wò ya tuntun yẹn: èjìká ẹ̀yìn tó yọ, ojú tó le, imú tó gùn. Ìlú pariwo. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pé àwọn yóò ṣe é.

Ìgbà yẹn ni ìdúró gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008 títí gálọ́ọ̀nù kan fi kọjá dọ́là mẹ́rin. Gbèsè wá bo General Motors mọ́lẹ̀, títí ó fi sá di ilé-ẹjọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2009. Ẹ wò ó: ilé ń jó, Camaro sì ń bọ̀. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ Oshawa ní Ontario ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, lórí ṣásí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Holden, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ṣe. Ìyá Camaro jẹ́ ará Amẹ́ríkà, egungun rẹ̀ wá láti Ọsirélíà, Kánádà ni wọ́n sì ti bí i. Ní ọdún 2010, ó ta ju 81,000 lọ ní Amẹ́ríkà nígbà tí Mustang kò dé 74,000.

Kí ló dé tí wọ́n tún fi dáwọ́ rẹ̀ dúró, nígbà tó ń tà báyẹn?

Kò tà báyẹn títí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, kò dé 25,000 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan. Ìran kẹfà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 2016, dára lójú pópó ju gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó fúyẹ́, ó mọ kọ́nà í gé. ZL1, èyí tó lágbára jù nínú wọn, ní supercharger, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, àti agbára ẹṣin 650. Ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ dín bíi ojú ihò ìbọn. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ kò rí ẹ̀yìn dáadáa, ẹnu búùtù rẹ̀ ò gba àpótí ńlá, àga ẹ̀yìn kò sì wúlò fún àgbàlagbà. Ẹni tí yóò fi í wá ọmọ lọ sílé-ìwé, tí yóò fi í lọ síbi iṣẹ́, kò fojú ire wo ohun wọ̀nyẹn. Wọ́n tún yí imú rẹ̀ padà fún ọdún 2019, àwọn olólùfẹ́ sì fajúro sí i tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tún un ṣe láìpẹ́. Mo gbà pé àwọn tó yà á ṣe aṣìṣe níbẹ̀: wọ́n tọ́jú ìrísí ọkọ̀ àpẹẹrẹ 2006 ju ẹni tí yóò wà á lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì nígbà náà. Iye tí ilé-iṣẹ́ ní kò lè tó gbogbo nǹkan, ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì ló kọ́kọ́ fara gbá a.

Lójoojúmọ́ ni mò ń rí àwòrán Camaro tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

Àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ máa wo nǹkan tó ń gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, ẹ má wo àwòrán, torí àwòrán kì í náni ní nǹkan kan.

Èkíní, ṣásí. Ọkọ̀ táyà ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fà yọ láti ara jíìpù oní-táyà-iwájú. Bí ẹ ò bá gbọ́ orí ṣásí wo ni yóò jókòó sí, àti ọkọ̀ mìíràn wo ni yóò bá a pín ìnáwó rẹ̀, ẹ má tíì dìde. Ìran kẹfà pín ti ẹ̀ pẹ̀lú Cadillac, nínú ilé-iṣẹ́ Lansing yẹn kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ilé-iṣẹ́ tí yóò ti jáde. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣe ọkọ̀, wọ́n á bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣe àdéhùn, ọ̀rọ̀ á sì jò. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá aláràbarà bò látòkèdélẹ̀ kí ojú má baà mọ ìrísí rẹ̀, tí wọ́n ń dán an wò ní ọ̀nà tàbí nínú òjò dídì. Ìgbà yẹn ni kí ọkàn yín máa lù.

Ẹ tún fi ìtàn ka oṣù. Láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2006 dé ọjọ́ tí àkọ́kọ́ kúrò lórí ìlà ní 2009, ọdún méjì àti oṣù méje ni. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i, tó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọ ọjà, irọ́ ni.

Fífi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kò tó ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ máa ń tún orúkọ àtijọ́ fi sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á.

Ṣé oníbátìrì ni yóò jẹ́? Àbí wọ́n á sọ ọ́ di jíìpù?

Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo wa nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ford ti fún ọkọ̀ oníbátìrì onílẹ̀kùn mẹ́rin ní orúkọ Mustang Mach-E. Chevrolet fúnra rẹ̀ mú orúkọ Blazer, tó jẹ́ jíìpù akọ nígbà kan, ó fi sórí ọkọ̀ ìdílé tó rọ̀. Dodge ní tirẹ̀ pa V8 Charger àti Challenger ní òpin ọdún 2023, ó gbé Charger Daytona oníbátìrì jáde. Wọ́n tún fi ẹ́ńjìnnì epo sílíńdà mẹ́fà oní-turbo méjì kún un. Nínú ìdílé yìí kan náà, Dodge àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n dá Hemi V8 padà sínú ọkọ̀ akẹ́rù Ram 1500 fún ọdún 2026 lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Chevrolet náà lajú, ó ń wò.

Ọwọ́ wa, àwa Yorùbá, ni àpèjúwe tó yé mi jù wà. Bí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé, àwọn àgbà á gbé e sókè, wọ́n á wo iwájú orí, wọ́n á wo ìka ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni." Kò pọn dandan kí ó jẹ́ bàbá náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ tí wọn á fi mọ̀ ọ́n. Lára Camaro, ilẹ̀kùn méjì ni, táyà ẹ̀yìn ni, ìdúró tó kúrú sílẹ̀ ni, àti owó tí ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lè tu jọ. Bí wọ́n bá fi bátìrì ràn án lọ́wọ́, n ò ní bá wọn jà. Bí ó bá jẹ́ jíìpù onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọmọ ẹlòmíràn ni, kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.

V8 ńkọ́? Ṣé dandan ni?

Láti 1967 ni Camaro sílíńdà mẹ́fà ti wà, àwọn tó rà á sì pọ̀. Òun ló ń san owó ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n V8 ló ń fa ènìyàn wọ ilé ìtajà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ̀kan nítòsí, ibi ìgbọ́kọ̀sí ọjà kan ní Houston ni. N ò tíì rí ọkọ̀ náà tí ìró rẹ̀ ti ń mì mí láyà. Mo dúró sójú kan títí ó fi kọjá lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Èló ni yóò jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn. Nígbà tó padà dé ní 2009, dọ́là 22,995 ni V6 rẹ̀, tó ní agbára ẹṣin 304. SS oní-V8, agbára ẹṣin 426 bó bá jẹ́ gíà mánúwà, bẹ̀rẹ̀ láti 30,995. Ìdí tó fi borí Mustang nìyẹn gan-an: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, gbogbo wọn lè rà á. Owó ọjà ti ga láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń retí iye yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré àwọn olówó nìkan, ọdún díẹ̀ ni yóò tún lò tí yóò fi kú lẹ́ẹ̀kẹta.

Ṣé Firebird náà yóò bá a padà?

Rárá. General Motors ti ti Pontiac pa lẹ́yìn wàhálà ọdún 2009. Ìbejì kan ti lọ.

Kí ló dé tí mo ṣì ń rí Camaro nínú NASCAR, eré ìje ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà?

Nítorí ara ọkọ̀ eré yàtọ̀ sí ọkọ̀ inú ilé ìtajà. Láti ọdún 2018 ni Chevrolet ti ń fi ìrísí Camaro ZL1 sáré níbẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ilé-iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí Le Mans ní Fáransé, Jimmie Johnson, Mike Rockenfeller àti Jenson Button wà á, ó sì sá eré wákàtí 24 náà parí. Ohùn V8 rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ Yúróòpù yẹn! Iṣẹ́ eré kì í ṣe tuntun fún un. Torí eré ìje Trans-Am ni wọ́n ṣe bí irú Camaro tí wọ́n ń pè ní Z/28, 602 péré ni wọ́n sì ṣe ní ọdún àkọ́kọ́. Awakọ̀ Mark Donohue fi í gba ife-ẹ̀yẹ ní 1968 àti 1969 nínú ẹgbẹ́ Roger Penske.

Mi ò lè dúró. Èwo ni kí n rà nínú àwọn tó wà nílẹ̀?

Bó bá jẹ́ ti lílò ojoojúmọ́, ẹ ra ìran karùn-ún tàbí ìkẹfà. Tẹ́ ẹ bá ń ra ti 2010 sí 2014, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe. Ní 2014, General Motors pe ohun tó ju 500,000 lọ padà, torí orúnkún awakọ̀ lè gbá kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì sì kú lójú ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ni ọkọ̀ kọ́ ló lọ ṣe é.

Bó bá jẹ́ ti 1967 sí 1969 ni ọkàn yín fà sí, ẹ rọra. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ ju ojúlówó lọ. Nọ́ńbà ṣásí ìgbà yẹn kò sọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀, bóyá sílíńdà mẹ́fà ni tàbí V8 nìkan ló ń sọ: 124 ni ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà V8, 123 ni ti mẹ́fà. Torí náà, ẹni tó bá ní nọ́ńbà ṣásí fi hàn pé Z/28 ni ọkọ̀ òun, ó ń tan yín. Ìwé àtijọ́ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì wá lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì. DZ ni ti Z/28 ọdún 1969. ZL1 ti ọdún yẹn, tó ní ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù oní-cubic-inch 427, 69 péré ni wọ́n ṣe, torí náà bí wọ́n bá fi lọ̀ yín ní ẹ̀dínwó, ẹ sá.

Lẹ́yìn ìwé, irin ló kù. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Ẹ fi kan èjìká ẹ̀yìn, abẹ́ gíláàsì iwájú, àti ilẹ̀ búùtù. Ibi tí òòfà kò bá ti mú, pọ́tì ni panẹbítà fi dí i, ìdógùn-ún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rọrùn láti tún ṣe ju ara lọ. Mekáníìkì tó mọ Chevrolet pọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, ẹ̀yà ara tuntun sì wà lọ́jà fún ọkọ̀ ọdún 1969 títí dònìí, dórí ilẹ̀kùn pàápàá.

Ìlú London ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní Ìbàdàn. Ta ni Camaro rọrùn fún jù láti wà?

Ti ẹ̀gbọ́n yín rọrùn níbi kan: ọwọ́ òsì ni kẹ̀kẹ́ ìdarí Camaro máa ń wà láti ilé-iṣẹ́, Nàìjíríà sì ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa nira fún láti san owó níbi geeti tàbí láti yọjú wo ọkọ̀ iwájú. Mustang ti ń ṣe ti ọwọ́ ọ̀tún láti ìran tó jáde fún 2015, Chevrolet ò ṣe é. Àwọn ará Ọsirélíà ní láti dúró kí HSV, ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, máa yí i padà fún wọn ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n wa mọ̀ pé abẹ́ ọkọ̀ náà súnmọ́ ilẹ̀ gan-an, kòtò kan ṣoṣo lè fọ́ bọ́ńpà iwájú.

Ẹ̀yin fúnra yín, irú Camaro wo lẹ ń retí?

Ilẹ̀kùn méjì, táyà ẹ̀yìn, fèrèsé tó tóbi tó kí ń rí ọmọ tó ń sọdá lẹ́yìn mi. V8 fún ẹni tó bá lè san án, ẹ́ńjìnnì kékeré tó dára fún ẹni tí kò lè san án, gíà mánúwà fún àwọn méjèèjì. Kí wọ́n wo ti 1969 nígbà tí wọ́n bá ń yà á, àmọ́ kí wọ́n má dà á kọ. Àwọ̀ òféèfèé ni n ó yàn. Mo ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù tí ti Lansing tó gbẹ̀yìn ti jáde.